Alárinà Tí Èrè Rẹ̀ Wà Nínú Ìjà: Ewu Tí Ètò Ìfẹ́ Orí Amóhùnmáwòrán Ń Mú Bá Ìlera Ọkàn

Ní ayé àtijọ́, bí ọmọkùnrin ilẹ̀ Yorùbá bá rí omidan tó wù ú, kì í dá a dúró lójú ọ̀nà kó sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ. Alárinà ni yóò rán. Alárinà yìí ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò sì máa gbé èsì bọ̀. Ó mọ ilé ọkùnrin, ó mọ ilé obìnrin. Bí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, òun ni yóò pẹ̀tù sí i, nítorí pé bí ìgbéyàwó náà bá tòrò, iyì tirẹ̀ ni, bí ó bá sì túká, ojú tì í láwùjọ. Bí alárinà ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni ẹbí méjèèjì yóò máa ṣe ìwádìí ní bòńkẹ́lẹ́: ṣé kò sí àrùn burúkú ní ìdílé yẹn? Ṣé wọn kì í ṣe oníjà? Ṣé gbèsè kò wọ̀ wọ́n lọ́rùn? Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá yanjú tán ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yóò ṣẹ, pé bí wọ́n bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀ba.

Alárinà mìíràn ti dé lóde òní. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ló jókòó sí. Òun ni aṣagbátẹrù ètò ìfẹ́ orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, èyí tó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí wọn kò mọ ara wọn rí jọ sínú ilé kan, tí yóò sì máa fi bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra, bí wọ́n ṣe ń jowú àti bí wọ́n ṣe ń kọ ara wọn han gbogbo ayé. Alárinà yìí kì í yẹ̀ba. Bí ìfẹ́ bá tòrò, àwọn òǹwòran a máa sún. Bí ìjà bá dé, wọn a pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá sì ṣe pọ̀ tó ni owó ìpolówó ọjà yóò ṣe pọ̀ tó. Alárinà tí èrè rẹ̀ wà nínú ìjà ni. Ibẹ̀ ni àléébù ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìlera, fún àwọn tó wà nínú ilé náà àti fún àwa tí a ń wò wọ́n láti yàrá wa.

Bí ètò náà ṣe tàn kálẹ̀

Ètò tí a fi ń so ènìyàn pọ̀ lórí amóhùnmáwòrán ti wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tàtijọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ ABC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ The Bachelor, níbi tí ọkùnrin kan ti máa ń yan aya láàárín ọ̀pọ̀ obìnrin, tí yóò máa lé wọn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ ITV ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Love Island padà wá sójú agbo, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Netflix mú Love Is Blind jáde. Nínú rẹ̀, àwọn olùkópa yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá láìfojú kan ara wọn, wọn yóò ṣe àdéhùn ìgbéyàwó, ìgbà náà ni wọn yóò tó rí ara wọn, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni wọn yóò sì dúró níwájú ẹni tó fẹ́ so wọ́n pọ̀. Àwa tí a ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà ni wọ́n fi hàn pé ìfẹ́ kò nílò ojú! Oṣù kejì ọdún 2020 yẹn kan náà ni Ultimate Love bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lórí ìkànnì Africa Magic, tó fi jẹ́ pé àwa náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ìwádìí tí a fò dá

Ohun àkọ́kọ́ tí alárinà tuntun yìí gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ìwádìí tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2000. Ilé-iṣẹ́ Fox kó àádọ́ta obìnrin jọ fún ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní olówó tabua. Ó yan ọ̀kan lára wọn, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó ń wò. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tú u síta pé ní ọdún 1991, obìnrin tí ọkùnrin náà fẹ́ fi ṣe aya tẹ́lẹ̀ ti gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ òun mọ́. Ìyàwó orí amóhùnmáwòrán náà lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì fagi lé ìgbéyàwó ọ̀hún ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ohun tí ìyá àgbà kan lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wádìí ní àdúgbò ni ilé-iṣẹ́ ńlá kò fi han obìnrin náà kó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ìwádìí kan wà tí kò ṣeé fi ṣeré rárá, òun ni ti irú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ sí jẹnótáìpù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ló ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti di ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. A ṣírò rẹ̀ pé ọmọ tó tó 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ètò tó bá ń kọ́ ọ̀dọ́ pé ìfẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó láti wọ aṣọ ìgbéyàwó, láìjẹ́ kí wọ́n rí i bí tọkọtaya ṣe ń jókòó ti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kọ́ tó lè mú omijé wọ ilé ló ń kọ́ wọn.

Oorun, ọtí àti àyà tó ń lù kìkì

Ní ọdún 2022, Jeremy Hartwell, tó kópa nínú Love Is Blind, pe àwọn tó ṣe ètò náà lẹ́jọ́. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí àwọn olùkópa sùn dáadáa, pé oúnjẹ àti omi kì í tó, ṣùgbọ́n pé ọtí kì í wọ́n, àti pé 1,000 dọ́là ni wọ́n ń san fún wọn lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tó lè gba ogún wákàtí lójúmọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní kò sí òótọ́ nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí. Ní ọdún 2024, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú 1.4 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹ̀sùn tirẹ̀ lélẹ̀, ó ní òṣìṣẹ́ ló yẹ kí a ka àwọn olùkópa wọ̀nyí sí, tí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ sì tọ́ sí wọn.

Ohunkóhun tí ilé-ẹjọ́ ìbáà sọ, ìmọ̀ ìṣègùn ti sọ tirẹ̀ lórí oorun àti ọtí. Ẹni tí kò bá sùn tó kì í lè ṣe ìdájọ́ tó yè kooro. Inú a máa tètè bí i, ẹkún a sì máa wà lẹ́bàá ojú rẹ̀. Ọtí a máa mú kí ènìyàn tètè sùn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí oorun náà dára, a sì máa tú ìjánu tí ọpọlọ fi ń kó ẹnu àti ọwọ́ wa níjàánu. Ẹ wá fi èyí kún un pé a gba fóònù lọ́wọ́ ẹni náà, kò lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò lè fi ọ̀rọ̀ lọ ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí ní ipò tó yẹ kí ènìyàn ti yan ẹni tí yóò bá gbé títí ọjọ́ ogbó.

Àyà tó ń lù kìkì náà a sì máa tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 1974, àwọn onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá méjì, Donald Dutton àti Arthur Aron, gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Kánádà. Wọ́n ní kí obìnrin kan dúró de àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lórí afárá gíga kan tó ń mì lẹ̀gẹ́lẹ̀gẹ́, kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, kí ó sì fún wọn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Wọ́n ṣe bákan náà lórí afárá tó dúró gbọn-in. Àwọn tí ẹ̀rù bà lórí afárá tó ń mì ló pe obìnrin náà jù. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà rí fà yọ ni pé ọkàn lè ṣi ìlù ẹ̀rù gbọ́ bí ìlù ìfẹ́. Ilé ètò ìfẹ́ kò yàtọ̀ sí afárá tó ń mì: ìbẹ̀rù pé wọn yóò lé mi lónìí, owú, ìdíje, iná kámẹ́rà. Bí ènìyàn bá délé tán tí ilẹ̀ kò mì mọ́, a máa yà á lẹ́nu pé ìfẹ́ náà kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí alárinà bá ń dáná ìjà

Alárinà àtijọ́ a máa yọ ọ̀rọ̀ burúkú kúrò nínú iṣẹ́ tí a rán an kó tó jẹ́ ẹ. Alárinà tuntun, ọ̀rọ̀ burúkú ló ń wá. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí tí kámẹ́rà ti gbà sílẹ̀, wákàtí kan péré ni àwọn òǹwòran yóò rí. Ẹni tó ń gé fíìmù náà ló ń pinnu ẹni tí yóò dà bí ọlọ́gbọ́n àti ẹni tí yóò dà bí ọ̀dàlẹ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n fi fọ́nrán kan han ọ̀dọ́bìnrin kan ní Love Island, nínú èyí tí olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé obìnrin tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ kó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹkún ni ọmọ ọlọ́mọ bú sí. Àwọn ènìyàn tó lé ní 2,500 ló kọ ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2021, ìjà kan tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi fọ́nrán olólùfẹ́ han obìnrin mú kí ẹ̀hónú tó lé ní 24,000 wọlé. Òǹwòran gan-an mọ̀ pé a ti kọjá ààlà.

Lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá kú

Àwọn àgbà ní ẹnu ayé lẹbọ. Láyé ìgbà kan, ẹnu ayé kò kọjá àdúgbò. Lónìí, ó ń tẹ̀lé ènìyàn wọ orí ibùsùn rẹ̀ nínú fóònù. Ní ọdún 2018 àti ọdún 2019, àwọn méjì tó ti kópa nínú Love Island gbẹ̀mí ara wọn. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ètò yẹn nìkan ló fà á, nítorí pé ohun tó ń sún ènìyàn dé ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ikú wọn mú kí gbogbo ìlú bèèrè pé kí ni a ń ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyí nígbà tí òkìkí bá dé lójijì, tó sì tún lọ lójijì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìgbìmọ̀ kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ìwádìí lórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù náà, ITV kéde pé ó kéré tán, ìgbà mẹ́jọ ni olùkópa kọ̀ọ̀kan yóò rí onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn lẹ́yìn ètò, tí wọn yóò sì máa bèèrè àlàáfíà rẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni Ofcom ti sọ ọ́ di òfin pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú ìlera ọkàn àwọn tó bá ń gbé sórí afẹ́fẹ́.

Ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì, Hana Kimura, ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń ja ìjàkadì, wà nínú ètò Terrace House, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ti ń gbé pọ̀ tí wọ́n sì ń wá olólùfẹ́. Lẹ́yìn ìjà kan tí wọ́n fi hàn, èébú orí ayélujára bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n sì dá ètò náà dúró. Ìyá rẹ̀ kò panu mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀ sọ pé ìkùnà wà nínú bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn aṣòfin Jàpáànì fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá ń bú ènìyàn lórí ayélujára lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ńkọ́?

Ewu náà kò mọ sí inú ilé ètò. Ní ọdún 2019, Mental Health Foundation ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì ìwádìí kan jáde pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn ọ̀dọ́ ọdún méjìdínlógún sí mẹ́rìnlélógún ló sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ń mú kí àwọn máa ṣàníyàn nípa bí ara àwọn ṣe rí. Bí ara tí ń dán, tí kò ní àbàwọ́n, tí kò sanra, bá ń kọjá lójú ọmọ lálaalẹ́, tí ìpolówó iṣẹ́ abẹ ẹwà sì ń tẹ̀lé e, báwo ni ọmọ náà kò ṣe ní bínú sí dígí? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó ọjà níbẹ̀ fòfin de ọ̀kan nínú irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti ń fi sáàárín Love Island. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọn kò gbọdọ̀ dojú ìpolówó iṣẹ́ abẹ ẹwà kọ àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún.

Àléébù kejì jinlẹ̀ ju ti ẹwà lọ. Ní ọdún 2018, Women's Aid, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn obìnrin tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé, kìlọ̀ pé ìwà tí ọkùnrin kan ń hù ní Love Island jẹ́ àmì ìfìyàjẹ ọkàn: kí ó ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tán, kí ó sì mú kí obìnrin máa rò pé orí òun ni kò pé. Ọ̀dọ́ tó bá ń wo irú èyí bí eré lè dàgbà tán kó máa pe ìjẹgàba ní ìfẹ́, kó máa pe owú ní ìtọ́jú. Àwa tí a ní ìwà lẹwà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí wọlé láìsí ìbéèrè.

A kò ní fi òótọ́ pamọ́. Àwọn kan pàdé níbẹ̀, ìgbéyàwó wọn sì dúró. Obìnrin àkọ́kọ́ tó yan ọkọ nínú The Bachelorette ní ọdún 2003 fẹ́ ẹni tó yàn ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Eré ìdárayá kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rín tí ẹbí bá jọ rín níwájú amóhùnmáwòrán dára fún ara. Ṣùgbọ́n àwọn tó yè é kò sọ ọ́ di ilé àwòkọ́ṣe.

Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn pa amóhùnmáwòrán kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ bá àwọn ọmọ wò ó, kí ẹ sì bi wọ́n pé: kí ni a kò fi hàn wá níbẹ̀? Ta ló ń jèrè nínú ìjà yìí? Ṣé bí ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wù láti kópa, ẹ fún agbẹjọ́rò ní ìwé àdéhùn kà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ bèèrè iye wákàtí tí ẹ ó máa fi sùn, bóyá ẹ lè bá ẹbí sọ̀rọ̀, bóyá ẹ lè jáde nígbàkúùgbà láìsan owó ìtanràn, àti ẹni tí yóò tọ́jú yín lẹ́yìn ètò. Bí ẹ bá ní àárẹ̀ ọkàn tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ má sì ṣe tẹ́wọ́ gba òrùka kankan kí ẹ tó mọ jẹnótáìpù ara yín.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ tẹnu yín lórí ayélujára, ẹ rántí pé ọmọ ẹnì kan ni ẹ ń bú, àti pé ìwọ̀nba tí wọ́n gé fún yín ni ẹ rí.

Bí inú ẹnikẹ́ni bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun tàbí oúnjẹ kò wọlé mọ́, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú ọkàn wà ní Aro ní Abẹ́òkúta àti ní Yaba ní Èkó, dókítà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín náà sì lè kọ̀wé gbé yín lọ sí ibi tó yẹ. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aláìsàn ọkàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò fẹ́, kí ó wá alárinà tí yóò bá a yọ̀ ní ọjọ́ tí ilé rẹ̀ bá tòrò, kì í ṣe èyí tí yóò máa ka owó ní ọjọ́ tí omijé bá bọ́.